Ṣé kí n yọ orin R. Kelly kúrò nínú ayẹyẹ àwọn ọmọ ìwé mẹ́fà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Oníwèé Mẹ́fà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé síbí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn.

Tíṣà ni mí ní iléèwé aládàáni kan l'Ábẹ́òkúta, ìwé mẹ́fà ni mò ń kọ́. Lọ́dọọdún tá a bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ fáwọn ọmọ tó ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì, orin kan náà la máa ń kọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, I Believe I Can Fly ti R. Kelly, olórin Amẹ́ríkà yẹn. Kì í ṣe iléèwé tiwa nìkan o, èmi fúnra mi kọ ọ́ nígbà tí mò ń jáde ní pírámárì, fìlà onígun mẹ́rin tí wọ́n fi páálí ṣe wà lórí mi, màmá mi ń sunkún níwájú. Orin yẹn ò lẹ́gbẹ́ létí mi. Lọ́dún yìí ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ni mo fún níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti máa dá kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ ọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò ẹ̀, ó wá fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tó ti máa mí. Táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń jẹun ọ̀sán, òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, á dijú, á máa kọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Mọ́ńdè ni ìyá ọmọ mìíràn wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ orin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí? Ṣé ẹ mọ ohun tó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" Mo ní mo gbọ́ pé wọ́n tì í mọ́lé l'Amẹ́ríkà torí ó fi ìṣekúṣe bá àwọn ọmọdé lò. Ó ní ọmọ tòun ò ní sí láàárín àwọn tó máa kọ ọ́. Ó dágbére, ó lọ. Mo jókòó sórí àga yẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Màmá tó ni iléèwé ní kí n má dá a lóhùn, pé orin dídùn ni, kò sọ́rọ̀ burúkú kankan nínú ẹ̀, àti pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú prógíráàmù. Òótọ́ ni, kò sọ́rọ̀ burúkú nínú ẹ̀. Àmọ́ ara mi ò balẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe ká ya orin sọ́tọ̀ lára ẹni tó kọ ọ́? Ká ní ẹ̀yin ni mí, kí lẹ máa ṣe? Ayẹyẹ ku ọjọ́ mọ́kànlá.

DJ Àkànní:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. DJ ni mí, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fi orin sí i lóde ìgbéyàwó, òde òkú, ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfi bò. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yẹn kọ orin ẹ̀. Orin ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin yẹn ló ṣẹ̀, wọ́n ti dájọ́ fún un, ó sì ń ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá mi kú, The Storm Is Over Now ni kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ lálẹ́ àìsùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ò mọ̀ pé R. Kelly ló ni ín, èmi mọ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí iṣẹ́ mi ni, síbẹ̀ omi ń bọ́ lójú mi, ara sì tù mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí kò ṣe tù mí láti ìgbà tí bàbá ti dákẹ́. Kí n wá sọ pé irọ́ ni ìtùnú yẹn? Èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, 1996 ló jáde, ó gba Grammy mẹ́ta, iléèwé wo ni ò kọ ọ́ rí nílẹ̀ yìí? Tá a bá ní ká máa wádìí ìwà olórin ká tó gbọ́ orin ẹ̀, ibo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibo la fẹ́ parí ẹ̀ sí? Wọ́n fẹ̀sùn ọmọdé kan Michael Jackson náà, ẹ jẹ́ kí n fi Billie Jean sí i lóde kẹ́ ẹ wo bí àwọn bàbá ọlọ́dún 60 ṣe máa ń dìde. You Are Not Alone tí Michael gbé jáde ní 1995, R. Kelly ló kọ ọ́ fún un. Ṣé ká gbàgbé ìyẹn náà ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́mọ yẹn ti fi ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gba orin yẹn lẹ́nu ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí fún un. Kí lẹ fẹ́ sọ fọ́mọ ọdún mẹ́wàá?

Ìyá Adùnní ti Peckham:

Bọ̀dá Àkànní, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ "orin ò ṣẹ ẹnikẹ́ni" yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí èmi náà sọ ọ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo fowó ara mi ra CD ẹ̀, mo sì ń bá àwọn èèyàn jà lórí ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé dókúmẹ́ńtárì Surviving R. Kelly jáde ní January 2019. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni pé mo fara balẹ̀ ka ohun táwọn ẹlẹ́rìí sọ ní kọ́ọ̀tù Brooklyn ní 2021, mo sì padà lọ ka èyí táwọn oníròyìn Chicago Sun-Times ti kọ láti December 2000, ìyẹn odidi ogún ọdún ṣáájú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orin yẹn gan-an ni ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀.

Kenwood Academy lọ́kùnrin yẹn lọ ní Chicago, tíṣà orin ibẹ̀ ló rí ẹ̀bùn ẹ̀ tó sì fà á yọ. Nígbà tó wá ń lókìkí, iléèwé yẹn kan náà ló máa ń padà sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ pé ní 1991 ló wá sí kíláàsì kọ́yà àwọn, ibẹ̀ ló ti rí òun, ọmọ ọdún 15 lòun nígbà yẹn. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ìyẹn kà. Kíláàsì orin. Àwọn ọmọ tó dúró létòlétò tí wọ́n fẹ́ kọrin, tí tíṣà wọn ń yangàn pé ọmọ òun àtijọ́ ló padà wá kí àwọn. Àwọn mìíràn, níbi òde orin tàbí ní mọ́ọ̀lù ni wọ́n ti fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n wá kọrin fún un kó gbọ́ ohùn wọn, pé ó máa sọ wọ́n di olórin. Ọmọ tí ò fẹ́ràn orin ò ní lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló lọ.

Kí n tún gbé èyí kalẹ̀. Ní 1994 òun ló ṣe àwo orin àkọ́kọ́ Aaliyah, ọmọ ọdún 15, òun ló kọ orin tó fún àwo náà ní orúkọ, Age Ain't Nothing but a Number, ìyẹn ni pé ọjọ́ orí ò jẹ́ nǹkan kan. May làwo yẹn jáde. Ní ìparí August ọdún yẹn ó gbé ọmọ náà níyàwó, òun alára ti pé ọdún 27. Ọkùnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù pé 500 dọ́là lòun fún òṣìṣẹ́ kan kó bá àwọn ṣe káàdì ayédèrú fún ọmọ náà, ìwé ìgbéyàwó sì gbé e pé ọmọ ọdún 18 ni. Ẹ wá bá mi ya orin yẹn sọ́tọ̀ lára ẹni tó kọ ọ́. Níbo lẹ máa fọ̀bẹ sí?

Bẹ́ẹ̀ òun nìkan kọ́ ló ṣe é o. Òfin tí wọ́n fi ń mú ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni wọ́n fi mú un ní Brooklyn, torí mánéjà wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń jẹun lórí orin yẹn, gbogbo wọn sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n dá fún un ní June 2022.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bọ̀dá mi, kò le. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó kọ orin yìí ṣe àwọn ọmọ níkà, a ò sì fẹ́ fi orin ẹ̀ yẹ́ ẹ̀yin ọmọ sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ìkà. Òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé àgbà tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún lè jẹ́ ìkà, kó lè mọ̀ pé tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sóun, wọ́n máa gba òun gbọ́.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù, Àkúrẹ́:

Mo wá torí Michael Jackson tí bọ̀dá dárúkọ, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí a má da ẹ̀sùn pọ̀ mọ́ ìdájọ́. Wọ́n gbé Michael lọ sí kọ́ọ̀tù ní California, ní 2005 júrì ní kò jẹ̀bi nínú gbogbo ẹ̀sùn 14. Ó kú ní 2009. Ní 2019 àwọn ọkùnrin méjì jáde nínú fíìmù Leaving Neverland, wọ́n ní ó fi ìṣekúṣe bá àwọn lò nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbèjà ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ní 2005. Àwọn tó ń bójú tó ogún ẹ̀ sẹ́ kanlẹ̀. Mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn láti Àkúrẹ́. Kálukú á ka ohun tó wà nílẹ̀, á sì pinnu ohun tó máa gbọ́ nílé ẹ̀.

Ti R. Kelly yàtọ̀ pátápátá, àmọ́ ó ní ẹ̀kọ́ kan tó yẹ ká rí. 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn án lórí fídíò kan tí wọ́n ní ó ti ń bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe. Ọdún mẹ́fà gbáko kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà, ní 2008 wọ́n ní kò jẹ̀bi, torí ọmọ tí wọ́n sọ pé ó wà nínú fídíò ò wá jẹ́rìí. Gbogbo wa ní ó tán. Ní 2022, ọmọ yẹn ti di obìnrin ọdún 37, ó wọ kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ní Chicago, ó ní èmi ni, ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà yẹn. Wọ́n tún dá ogún ọdún fún un ní 2023 lórí ẹjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ á jọ máa lọ pẹ̀lú ọgbọ̀n ti àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo àárín 2002 sí 2008 yẹn. Ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí orin ẹ̀, Ignition, gba ayé kan, 2003 ló gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wà ní yunifásítì, a jó o títí ilẹ̀ fi mọ́. Níbo lẹ rò pé owó lọ́yà ti ń wá? Mo máa ń rò ó tó bá di òru, pé ọmọ yẹn wà níbì kan ní Chicago tó ń gbọ́ orin yẹn nínú gbogbo mọ́tò tó bá kọjá, ta ló fẹ́ jẹ́rìí lòdì sẹ́ni tí gbogbo ayé ń jó sí?

Ní ti owó òní, ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú jù. Ní 2023 adájọ́ kan ní Brooklyn pàṣẹ kí iléeṣẹ́ orin Universal Music Publishing kó ju 500,000 dọ́là lọ nínú róyálítì ẹ̀, ìyẹn owó tí orin ẹ̀ ń pa wọlé, sílẹ̀ fún ìtanràn àti owó àwọn tó ṣe níkà. Ọmọ tó bá sì kọrin l'Ábẹ́òkúta láìfi CD sí i, mi ò rò pé kọ́bọ̀ kan máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ohun tí Àǹtí ń bi wá ni irú orin tó yẹ kí àgbà fi sẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ ńlá ẹ̀, owó ò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba èyí. Ọkùnrin yẹn kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé ara ẹ̀ pé láti ọmọ ọdún 8 ni wọ́n ti ń fi ìṣekúṣe ba òun náà jẹ́. Mo ṣàánú ọmọ ọdún 8 yẹn tọkàntọkàn. Ká ní àgbà kan wà nítòsí tó dá sí i ni, bóyá ọ̀pọ̀ nǹkan ò bá má ṣẹlẹ̀. Àmọ́ àánú yẹn ò sọ pé kọ́mọ wa kọrin ẹ̀.

Ẹnì kan:

Mi ò fẹ́ lo orúkọ tí mo máa ń lò níbí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ọ̀gá kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n dúró lẹ́yìn ìgbà tí a bá kọ́ orin tán. Ẹni tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn ni. Tó bá ń tẹ dùùrù, àwọn màmá á máa gbàdúrà fún ìka ẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orin kan wà nínú ìwé orin mímọ́ tó máa ń fi kọ́ mi lákòókò yẹn. Orin màmá àgbà mi ni tẹ́lẹ̀, ìyá tó bí ìyá mi, òun ló máa ń kọ ọ́ tó bá ń rokà, kí ọkùnrin yẹn tó dé ṣọ́ọ̀ṣì wa rárá. Ó lé lọ́dún méjìlá tí mi ò lè gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti dá a, màá jáde síta bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, màá dúró lẹ́yìn ògiri, màá máa ka búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ tá a sin màmá àgbà, wọ́n dá a lẹ́bàá sàréè. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbéra. Mo rántí ọwọ́ màmá lórí orógùn, mo dúró, mo kọ ọ́ dópin. Orin tiẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọkùnrin yẹn. Mo gbà á padà.

Torí náà táwọn kan bá ní orin lè kúrò lọ́wọ́ ẹni ibi, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àmọ́ èmi tí wọ́n ṣe é fún ni mo yà á, ìgbà tó tó lójú mi ni mo yà á. Ká ní wọ́n fi í sí prógíráàmù ayẹyẹ mi ní ìwé mẹ́fà, mi ò mọ ibi tí mi ò bá sá gbà.

Àǹtí, ìyá tó wá bá yín yẹn, tí kò pariwo, tó kàn dágbére. Mo ti ń rò ó látàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í ní ìdí.

DJ Àkànní:

Àbúrò mi, mo ń wakọ̀ bọ̀ láti Ṣàgámù nígbà tí mo rí èyí tẹ́ ẹ kọ, mo ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Mi ò ní parọ́ fún yín, orin tí wọ́n kọ lálẹ́ àìsùn bàbá mi ò ní kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú yín ń sọ pé kí n fà á tu. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì kọ́yà yẹn ti dé ibi kan lára mi. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí, èyí àbíkẹ́yìn wà ní kọ́yà, ọmọ ọdún 13, mi ò béèrè rí ẹni tó kù sílé orin tí wọ́n bá ṣe tán. Màá béèrè lónìí.

Sátidé tó kọjá níbi ìsọmọlórúkọ kan wọ́n ní kí n fi Ignition sí i, mo fi í, àwọn ọmọ kéékèèké ló kún ojú agbo, wọ́n ń gbe é lẹ́nu tẹ̀lé e, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n, èmi, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lára èyí tí mò ń gbé lọ síbi tọ́mọdé bá wà. Níbi tó jẹ́ kìkì àgbà, mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe, ẹ fún mi láyè. Ní ti ayẹyẹ ìwé mẹ́fà, Àǹtí, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ spíkà àti màíkì lọ́jọ́ náà, Ṣàgámù sí Abẹ́òkúta ò jìnnà, màá gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Àǹtí Oníwèé Mẹ́fà:

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ẹnì kan tí ò fẹ́ dárúkọ yẹn, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò bi ìyá yẹn ní nǹkan kan. Mo kàn fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i pé a ti yí orin padà. Ó dáhùn pé "ẹ ṣé mà", kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá màmá tó ni iléèwé. Mi ò fi ìjà bá a. Mo kàn sọ ti 1991 fún un, pé kíláàsì kọ́yà ló ti ń wá wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló máa wá tún prógíráàmù tẹ̀?" Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Èmi àtọkọ mi la jókòó lálẹ́ Fúráìdé, a gé bébà funfun wẹ́wẹ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ orin yẹn nínú ẹ̀dà 150, gọ́ọ̀mù kún gbogbo ọwọ́ wa.

Orin tuntun yẹn, àwọn ọmọ ló ń kọ ọ́ fúnra wọn. Mo fún wọn ní ègbè kan tí mo mọ̀ láti kékeré, ọmọ kọ̀ọ̀kan wá mú ìlà kan wá, ọ̀kan dárúkọ Olúmọ, ọ̀kan dárúkọ ìyá ẹ̀ tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, èyí tó máa ń dákẹ́ jù nínú wọn lọ ló mú ìlà tó dùn jù wá. Kò tíì dọ́gba, a ṣì ń tún un ṣe.

Mo pe ọmọ tó fẹ́ dá orin yẹn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mo sọ ọ́ fún un bí Ìyá Adùnní ṣe ní kí n sọ ọ́. Kò sunkún bí mo ṣe rò. Ó bi mí pé, "Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́, Àǹtí, ṣé wọ́n ti dàgbà?" Mo ní wọ́n ti dàgbà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ó mi orí. Ó wá ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ẹ̀, ó wo gbogbo àmì pupa yẹn, ó ní ṣé òun ṣì lè máa mí níbi tóun ti ń mí tẹ́lẹ̀ nínú orin tuntun yìí. Mo ní kó kọ ọ́ kí n gbọ́, ká jọ wò ó.